Ihò Kékeré Ara Ẹ̀rọ: Bí Dreamcast Ṣe Rí Ọ̀nà ní Ìlá-Ọ̀ràngún



Ní ilé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ẹ̀rọ géèmù kan wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àbúrò bàbá mi ni ó fi í ránṣẹ́ láti London, nínú páálí kan náà tí aṣọ àti bàtà wà. Ẹ̀rọ náà funfun, àmì búlúù kan tí ó yí po bí ìkarahun ìgbín sì wà lórí rẹ̀. "Sega" ni gbogbo wa ń pè é. Ihò mẹ́rin ni ó ní fún páàdì. A mọ ihò wáyà iná, a mọ ihò wáyà tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ ohun tí ó wà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ibẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń mí. Èmi gbà á gbọ́, torí pé ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà.

Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé ihò tẹlifóònù ni. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ yẹn kí ó lè pe ayé. Ní ilé wa, kò pe ẹnikẹ́ni rí.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí. Èkíní: kí ló dé tí ihò yẹn fi wà lófo láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti wọ ilé wa? Èkejì: báwo ni ó ṣe wá ṣeé lò lónìí, lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn tí ó ṣe é ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ ìtàn tiwa. Ìdáhùn kejì jẹ́ ìtàn àwọn aláìlórúkọ kan tí wọ́n fi mọ́dẹ́ẹ̀mù kọ̀ǹpútà àtijọ́ jí òkú dìde.

Ẹ̀rọ tí ó gbé ẹnu tirẹ̀ wá

Dreamcast ni orúkọ ẹ̀rọ náà gan-an. Ilé-iṣẹ́ Sega gbé e jáde ní Japan ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 1998, ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, àti ní Yúróòpù ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1999 yẹn kan náà. Ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, mọ́dẹ́ẹ̀mù ti wà lára rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó rà á kò ní láti tún fi owó ra òmíràn kí ó tó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní alága ilé-iṣẹ́ náà, Isao Okawa, ni ó tẹnu mọ́ ọn pé ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi kún ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ná wọn.

Kí ni mọ́dẹ́ẹ̀mù? Ẹ jẹ́ kí n fi ìlù ṣàlàyé rẹ̀. Ohùn ènìyàn ni wọ́n ṣe wáyà tẹlifóònù fún. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Mọ́dẹ́ẹ̀mù wá dà bí àyàn tí ó ń fi dùndún sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ di ohùn, ó sì ń rán an gba inú wáyà kọjá. Létí ẹni tí kò gbọ́ ìlù, ariwo lásán ni. Ṣùgbọ́n mọ́dẹ́ẹ̀mù kejì tí ó wà ní òpin wáyà gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, ó sì ń tú u padà sí ọ̀rọ̀. Ariwo "kíríkírí, háááá" tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n lo íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà rántí, àyàn méjì ni wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn mọ bí wọn yóò ṣe yára tó.

Wọn kò yára púpọ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀mù Dreamcast ti Amẹ́ríkà ń sáré dé 56 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti Japan àti ti Yúróòpù kò ju 33.6 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ti ilé wa gba fọ́tò kan tí ó tó mẹ́gábáìtì mẹ́ta, irú èyí tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láìronú, yóò gbà yín tó ìṣẹ́jú méjìlá. Síbẹ̀, géèmù kò nílò fọ́tò. "Mo ti yà sí òsì, mo ti yìnbọn" ni ó ń sọ, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì tóbi.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, Sega ṣí SegaNet ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń gba dọ́là 21.95 lóṣù. Ní Yúróòpù, Dreamarena ni wọ́n pe tiwọn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Phantasy Star Online jáde ní Japan. Nínú rẹ̀, ènìyàn mẹ́rin láti ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ wọ igbó kan náà láti bá ẹranko abàmì jà. Wọ́n tilẹ̀ kó ọ̀rọ̀ jọ sínú rẹ̀ tí ẹ kàn máa mú. Bí ará Japan bá mú "ẹ gbà mí o" ní èdè tirẹ̀, ará Faransé yóò rí i ní Faransé. Èdè márùn-ún ni: Japanese, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Sípéènì. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi, torí bí ó bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, wáyà wo ni à bá gbà dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa

Tẹlifóònù kì í ṣe àlejò tuntun ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1886 ni wáyà abẹ́ òkun tí a fi ń rán tẹligíráàmù ti so Èkó mọ́ London. Ní ọdún 1908, Èkó ní ibùdó tẹlifóònù tí ó gba láìnì 100, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń fi ọwọ́ so ẹni tí ó ń pè mọ́ ẹni tí wọ́n ń pè. Ẹ wá wo bí ìrìn náà ṣe lọ́ra tó lẹ́yìn èyí. Nígbà tí a gba òmìnira ní ọdún 1960, láìnì tẹlifóònù 18,724 ni ó wà ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1985, ìjọba da ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé ìfìwéránṣẹ́ pọ̀ mọ́ èyí tí ó ń bójú tó ìpè sí òkè òkun, wọ́n sì pè é ní NITEL. Ìkànìyàn ọdún 1991 rí ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù 88. Títí ọ̀rúndún ogún fi parí, láìnì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí kò tó mílíọ̀nù kan.

Ọdún 1991 yẹn kan náà, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ni wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Àwa Ìgbómìnà tí a bọ́ sí apá ibí, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá, wá rí olú-ìlú tuntun ní Òṣogbo. Ìyá mi sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ bá èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Èkó, awakọ̀ ni yóò fi lẹ́tà rán. Bí ọ̀rọ̀ bá kánjú gan-an, yóò wọ mọ́tò gba Ìkìrun lọ sí Òṣogbo, yóò tò sórí ìlà ní ibi tí tẹlifóònù wà, yóò sì máa gbàdúrà kí ẹni tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wà nílé. Ìrìn-àjò odidi ọjọ́ kan nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta! Ẹni tí ó rí báyìí, kò lè fi wáyà kan náà ta géèmù láti alẹ́ di òwúrọ̀.

Èyí kò túmọ̀ sí pé a sùn. Ní ọdún 1995 ni wọ́n fún Nàìjíríà ní orúkọ .ng lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń bá ICTP, ilé-ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Trieste ní ilẹ̀ Ítálì, ṣiṣẹ́ láti fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ kámpọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa. Kì í ṣe wáyà tẹlifóònù. Àwo sátẹ́láìtì orí òrùlé káfé ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ó rántí òru tí ẹ san owó láti lò ní káfé títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ẹ̀fọn ń jẹ ẹsẹ̀ yín, tí ẹ ń wá fọ́ọ̀mù yunifásítì òkè òkun.

Oṣù kan wà nínú ìtàn yìí tí ó máa ń dá mi dúró bí mo bá dé orí rẹ̀, oṣù Kìíní ọdún 2001. Nínú oṣù yẹn, àjọ NCC ta ìwé àṣẹ GSM ní Àbújá, ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 285 dọ́là. Ní ọjọ́ 31 oṣù yẹn kan náà, Sega kéde pé àwọn yóò dáwọ́ Dreamcast dúró ní oṣù Kẹta. Mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ni wọ́n ti tà, kò sì tó láti gbà wọ́n lọ́wọ́ gbèsè àti lọ́wọ́ PlayStation 2. Okawa, tí ó ti fi dúkìá ara rẹ̀ ta ilé-iṣẹ́ náà lọ́rẹ, kú ní oṣù Kẹta yẹn. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹjọ ọdún 2001, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta láìnì fún wa.

Bí àwa àti ẹ̀rọ náà ṣe gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá nìyẹn. Nígbà tí Dreamcast ní ibi tí yóò pè, a kò ní wáyà. Nígbà tí ọ̀nà wá ṣí fún wa, afẹ́fẹ́ ni ó gbà, a sì fo wáyà kọjá pátápátá. Ẹ̀rọ náà kò sì ní ibi tí yóò pè mọ́. Ohun tí ó mú kí ihò ilé wa wà lófo nìyẹn. Kì í ṣe àìmọ̀kan wa, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́.

Bí wọ́n ṣe rí ọ̀nà mìíràn

Ẹ jẹ́ kí á kúrò ní ilé díẹ̀ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun lẹ́yìn tí Sega lọ. Àwọn tí wọ́n ra ẹ̀rọ náà kò lọ. Wọ́n rí i pé ìṣòro méjì ló wà níwájú àwọn. Àkọ́kọ́, àwọn sáfà tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkejì, láìnì tẹlifóònù gan-an ti ń lọ kúrò nílé wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó yára ṣe ń wọlé. Àwọn náà wá bọ́ sí ipò tí àwa ti wà tẹ́lẹ̀: ẹ̀rọ wà, wáyà kò sí.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá rọrùn débi tí yóò fi pa yín lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní: bí ẹ̀rọ yìí bá fẹ́ pe ẹnìkan, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì kan náà gbé e. Wọ́n mú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ó ní mọ́dẹ́ẹ̀mù, wọ́n fi wáyà tẹlifóònù kúkúrú kan so ihò Dreamcast mọ́ ihò mọ́dẹ́ẹ̀mù yẹn, wọ́n sì sọ kọ̀ǹpútà di ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù àti ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà yòówù tí Dreamcast bá tẹ̀, kò já mọ́ nǹkan kan, torí pé ẹnìkan ṣoṣo ló wà ní òpin wáyà náà.

Ṣùgbọ́n èèwọ̀ mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

Èèwọ̀ kìíní ni ohùn "húúùn" tí tẹlifóònù máa ń dún kí a tó tẹ nọ́ńbà. Ibùdó tẹlifóònù ni ó ń mú un wá, mọ́dẹ́ẹ̀mù kì í sì í tẹ nọ́ńbà bí kò bá gbọ́ ọ. Kò sí ibùdó lórí tábìlì. Nítorí náà, wọ́n á sọ fún Dreamcast pé kí ó tẹ nọ́ńbà láìdúró de ohùn kankan.

Èèwọ̀ kejì ni iná. Ibùdó tẹlifóònù máa ń rán iná tí ó tó 48 fóòtì gba inú wáyà. Àwọn mọ́dẹ́ẹ̀mù kan kò ní gbà pé wáyà wà rárá bí wọn kò bá rí iná lára rẹ̀. Wọ́n wá fi bátìrì 9 fóòtì kan tàbí méjì, pẹ̀lú resistor, sí àárín wáyà kúkúrú yẹn. Ó tó láti tan mọ́dẹ́ẹ̀mù jẹ.

Èèwọ̀ kẹta ni pé tẹlifóònù yìí kò lè dún. Kò sí ohun tí yóò jí kọ̀ǹpútà pé àlejò dé. Ẹni tí ó jókòó sídìí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ATA ní àkókò tí ó yẹ. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn jẹ́ àṣẹ fún mọ́dẹ́ẹ̀mù pé kí ó gbé ìpè. Ó ti pẹ́ kí Dreamcast tó dé ayé: láti inú mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ilé-iṣẹ́ Hayes ṣe ní ọdún 1981 ni irú àwọn àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti wá, gbogbo àwọn tí ó ń ṣe mọ́dẹ́ẹ̀mù sì tẹ̀ lé wọn.

Bí àwọn méjèèjì bá ti gbọ́ ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè kan tí ń jẹ́ PPP. Wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Kọ̀ǹpútà yóò fún Dreamcast ní àdírẹ́sì, yóò sì máa gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ síta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ku àwọn sáfà tí ó ti kú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti le jù, nítorí pé Sega kò fi ohun tí ó wà nínú wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí géèmù ń sọ lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n sì kọ sáfà tuntun tí ó mọ bí a ṣe ń dáhùn. Bí Dreamcast bá béèrè àdírẹ́sì ilé tí ó ti wó, wọn yóò darí rẹ̀ sí ilé tuntun láìjẹ́ kí ó mọ̀. Báyìí ni Phantasy Star Online, Quake III Arena àti ChuChu Rocket! ṣe padà ní ẹni tí ń ta wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Luke Benstead kó gbogbo wàhálà yìí sínú sọ́fítíwíà kan tí ó pè ní DreamPi, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó tilẹ̀ lè fi mọ́dẹ́ẹ̀mù kọ orin "húúùn" náà fún Dreamcast. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yí padà: ẹ̀rọ kan pè, ẹ̀rọ kejì gbé e.

Mọ́dẹ́ẹ̀mù tí ó ń retí láìnì

Mo fẹ́ dán an wò nílé. Mo kọ́kọ́ wá mọ́dẹ́ẹ̀mù lọ sọ́jà. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ni mò ń wá." Wọ́n ní, "Ti MTN àbí ti Glo?" Wọ́n sì nawọ́ mú èyí tí a ń ki síìmù sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ti wáyà tẹlifóònù ni, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣé ẹ wà dáadáa?" Mo rí i níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gan-an ti yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu wa.

Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìlá ni mo ti rí i níkẹyìn. Wọ́n ti fìgbà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà ṣì wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá, mọ́dẹ́ẹ̀mù kan tí ó dá dúró, tí ó ní àwọn iná pupa kéékèèké níwájú, sì wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin mọ́mì, ṣé mo lè lo èyí?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nǹkan yẹn kò ṣiṣẹ́ rí o. Ẹnìkan ló sọ fún mi nígbà náà pé láìnì máa wọ àdúgbò yìí láìpẹ́. Mo ní kí n yáa rà á sílẹ̀ dè é. Èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ máa fi í-méèlì ránṣẹ́ fún àwọn ará Ìlá."

Láìnì kò wọ àdúgbò. Fóònù alágbèéká ni ó dé, mọ́dẹ́ẹ̀mù sì wà nínú páálí. Ó ti lé ní ogún ọdún. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn ní, "Ẹ ṣeun mà."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbé Dreamcast lọ sí ilé wọn. Mo ti fi Linux tí kò wúwo sórí kọ̀ǹpútà náà. Fóònù mi ni yóò pèsè íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi wáyà USB so ó. Níwọ̀n bí ẹ̀rọ wa ti jẹ́ ti London, iná ilé wa bá a mu, tẹlifíṣọ̀n wa náà gbà á; ti Amẹ́ríkà ì bá ti nílò ẹ̀rọ tí ó ń dín agbára iná kù. Ṣùgbọ́n mọ́dẹ́ẹ̀mù ti London kọ̀ láti tẹ nọ́ńbà nígbà àkọ́kọ́, ó ní òun kò rí láìnì. Mo fi bátìrì sí àárín wáyà, ó gbà. Nígbà kejì, mo yára tẹ ATA jù. Nígbà kẹta, mo pẹ́ jù. Nígbà kẹrin, mo gbọ́ tí Dreamcast tẹ nọ́ńbà tán, mo ka "ení, èjì" nínú ọkàn mi, mo tẹ ATA.

Mọ́dẹ́ẹ̀mù mọ́mì ké. Ariwo yẹn gba gbogbo yàrá. Àwọn iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mọ́mì sáré jáde láti ilé ìdáná, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Háà! Ó mà lóhùn!"

Lójú kọ̀ǹpútà, ó hàn báyìí: CONNECT 31200. Ìpè àkọ́kọ́ tí mọ́dẹ́ẹ̀mù yẹn gbé láyé rẹ̀ nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ géèmù tí kò pe ẹnikẹ́ni rí láyé tirẹ̀ ni ó sì ti wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan kí ojú-ìwé àkọ́kọ́ tó ṣí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ojú-ìwé òde òní kò ṣí rárá, torí pé kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn wọn ti ju ọgbọ́n ẹ̀rọ náà lọ. Èyí tí ó ṣí jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, kò ní àwòrán púpọ̀. Mọ́mì fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé lẹ́tà tiwọn ni. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, iná lọ.

Ohun tí mo rí nínú rẹ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni èrè rẹ̀. Fóònù tí mo fi pèsè íntánẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ yára ju gbogbo nǹkan tí ó wà lórí tábìlì náà lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó kú àti ohun tí kò kú nínú ìtàn yìí.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ̀, tí kò sì kọ́ ẹlòmíràn, kú lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn sáfà Sega kú bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kọ́, kò kú. ATA ọdún 1981 ṣì ń ṣiṣẹ́. PPP ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ ni mọ́dẹ́ẹ̀mù tí mọ́mì rà ní Ìlá ṣe gbọ́ èdè ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní London, láìṣe pé ẹnikẹ́ni mú wọn mọ ara wọn. Kò sì sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó tún padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn tí ó ń lò ó ni ó kọ́ ara wọn.

Àwa náà ní ìmọ̀ tí ó wà lórí ènìyàn díẹ̀. Àwọn tí ó mọ bí wọ́n ṣe so láìnì ní Òṣogbo, àwọn tí ó gun òrùlé káfé lọ tún àwo sátẹ́láìtì ṣe nínú òjò, àwọn tí ó fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ kámpọ́ọ̀sì Ifẹ̀, wọ́n ti ń dàgbà. Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ ni a kọ sílẹ̀, èyí tí a kọ sílẹ̀ ní Yorùbá kò sì tó nǹkan. Bí wọ́n bá lọ, sáfà kú nìyẹn. Èyí ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi: bí ẹ bá délé ní ìsinmi, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé tẹlifóònù létí, ta ni wọ́n pè, èló ni wọ́n san. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ṣe káfé, ẹ kọ tiyín náà.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé nígbà tí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́ ń kúrò ní Ifẹ̀, àdá kan tí wọ́n ń pè ní ogbó ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, pé ogbó náà ni yóò máa la igbó níwájú rẹ̀ títí yóò fi dé ibi tí yóò tẹ̀dó sí. Ogbó mọ ọ̀nà, wọ́n ní ibẹ̀ ni orúkọ Ìgbómìnà ti wá. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń rò pé idán ni. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, mo rò ó lọ́nà mìíràn. Àdá kì í mọ ọ̀nà bí kò bá sí ọwọ́ tí yóò gbé e, tí yóò sì máa gé igbó náà díẹ̀díẹ̀.

Mọ́dẹ́ẹ̀mù náà kò padà sínú páálí mọ́. Mọ́mì ní kí n fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ní bí mo bá tún dé, kí n tún jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn rẹ̀.